Ìṣirò Tó Yé Ọmọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Olùkọ́ àti Òbí

Àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré la kọ èyí fún, pẹ̀lú òbí tó máa ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohun tí a dúró lé lórí kò ju ọ̀kan lọ: kí olùkọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ ń rò, kí ó tó fi ọ̀nà tirẹ̀ hàn án. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ ní kété tí ènìyàn bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìwọ̀nyí.

Ọmọ ń gba máàkì. Ṣé ìyẹn kò tó láti fi mọ̀ pé ìṣirò yé e?

Kò tó. Ẹ mú ọmọ tí wọ́n ní kó fi ìdajì pín 3. Ó rántí òfin: yí ìdajì dojú dé, kí o wá sọ ọ́ di púpọ̀. Ó kọ 6, ó gba máàkì. Ẹ wá bi í pé, “Ṣebí a ní kí o pín in ni, kí ló dé tó fi wá pọ̀ ju 3 lọ?” Bí kò bá rí nǹkan kan sọ, òfin ló mọ̀, kò mọ ìdí. Ọmọ tí ó yé yóò sọ fún yín pé bí garí bá jẹ́ kóńgò 3, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ń ra ìdajì kóńgò, ènìyàn 6 ló máa kárí. Ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bi òun ni pé ìdajì mélòó ló wà nínú 3.

Richard Skemp, onímọ̀ ìṣirò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ìmọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ ní 1976. Ó fi wọ́n wé àlejò méjì nínú ìlú: wọ́n júwe ọ̀nà kan ṣoṣo fún ọ̀kan, yà sọ́tùn-ún, yà sósì, èkejì ti rìn káàkiri títí ó fi mọ ìlú náà. Bí ọ̀kan nínú títì bá dí, ẹni àkọ́kọ́ ti sọnù nìyẹn. Skemp kò sì fi bò pé kíkọ́ òfin lásán máa ń yá, pé èrè rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń wu olùkọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo orí tuntun ló ń mú òfin tuntun wá, ọmọ á sì máa rù wọ́n títí ẹrù á fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìdánwò kékeré kan rèé tí ẹ lè ṣe lọ́la. Ẹ kọ 8 + 4 = □ + 5 sí pátákó, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa fi sínú àpótí yẹn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999, ọmọ kíláàsì kẹfà 145 ni wọ́n fún ní ìbéèrè yìí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó kọ 7. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ 12, àwọn mìíràn kọ 17. Lójú wọn, àmì ìdọ́gba kò ju “ìdáhùn rèé” lọ. Kò tíì yé wọn pé ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà. Ọdún kan tàbí méjì sí i, olùkọ́ á wá gbé ọ̀rọ̀ x dé fún ọmọ bẹ́ẹ̀, á sì máa yà á lẹ́nu pé kò yé e.

Bí àwọn ọmọ bá ń fúnra wọn ronú, kí wá ni iṣẹ́ olùkọ́?

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ló máa yan ìbéèrè tó ní ẹran lára, èyí tí ọmọ tó mọ̀ díẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ tó já fáfá náà yóò sì rí nǹkan bá jà. Òun ló máa rìn láàárín wọn, tí yóò ka ohun tí wọ́n ń kọ, tí yóò pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí pátákó àti ẹni tí yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti yé wọn, òun ló máa sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tó dúró, tí yóò kọ ọ́ kedere, tí yóò fún un ní orúkọ tí ìwé àti ìdánwò ń pè é. Olùkọ́ tó kàn pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, tó wá jókòó ti fóònù rẹ̀, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, bó ti wù kí kíláàsì náà máa hó tó.

Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan la ń fi wọ́n sílẹ̀ láti ṣàwárí. Orúkọ igun, bí a ṣe ń kọ àmì, nọ́ńbà àwọn ará Róòmù: ènìyàn ló fẹnu kò lé wọn lórí, ẹ sọ wọ́n fún ọmọ kí ẹ sì kọjá. Ohun tó ní ìdí nínú ni kí ẹ jẹ́ kí ọmọ wá ìdí rẹ̀.

Ẹ fi hàn wá bó ṣe ń rí gan-an nínú kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká mú 52 − 27 ní prímárì kẹta. Ọ̀nà tí a bá lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ wa ni pé kí a to 52 sókè, kí 27 wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí olùkọ́ kéde pé “2 ò lè yọ 7, a ó lọ yá 1 lọ́wọ́ 5”, kí gbogbo kíláàsì sì kọrin rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ìyá alákàrà dín àkàrà 52, ó ti ta 27, mélòó ló kù? Ẹ má fi ọ̀nà kankan hàn wọ́n. Ẹ fún olúkúlùkù ní bí ìṣẹ́jú 5 kó ṣe é sínú ìwé rẹ̀ bó ṣe wù ú: kó fa ìlà, kó to òkúta, kó kọ nọ́ńbà. Ẹ máa rìn, ẹ máa wò, ẹ má tíì sọ pé ó gbà tàbí kò gbà.

Ohun tí ẹ máa rí rèé. Àwọn kan á kọ 35. Wọ́n ti gbọ́ pé kékeré là ń yọ kúrò nínú ńlá, nítorí náà wọ́n yọ 2 kúrò nínú 7, wọ́n sì yọ 2 kúrò nínú 5. Ẹnì kan á fa ìlà 52, á fagi lé 27 nínú wọn, á wá ka èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti 27: ó fi 3 kún un, ó di 30, ó fi 20 kún un, ó di 50, ó fi 2 kún un, ó dé 52. Ohun tó fi kún un lápapọ̀ jẹ́ 25. Ọmọ kan á yọ 30 dípò 27, ó ku 22, á wá dá 3 tó yọ lé padà, ó di 25. Ẹnì kan, bóyá ẹni tó máa ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, á ya 52 sí 40 àti 12; ó yọ 7 nínú 12, ó ku 5; ó yọ 20 nínú 40, ó ku 20.

Ẹ wá ronú lórí ẹni tí ẹ máa pè. Ọmọ tó fa ìlà ni kó kọ́kọ́ wá, nítorí kò sí ẹni tí kò ní lóye tirẹ̀. Ẹni tó ń kà lọ sókè láti 27 ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó yọ 30. Ẹni tó ní 40 àti 12 ni kó gbẹ̀yìn, torí òun lẹ máa dì mọ́ láìpẹ́. Àwọn tó kọ 35 ńkọ́? Ẹ kọ 25 àti 35 sí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìfi àmì sí ìkankan. Ẹ má sọ ẹni tó kọ èwo. Ẹ béèrè pé: “Àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́. Ta ló lè fi hàn wá pé ọ̀kan kò lè rí bẹ́ẹ̀?” Ẹ dúró. Ọmọ kan á sọ ọ́: “Tó bá jẹ́ pé ó ku 35, tó sì ti ta 27, á jẹ́ pé àkàrà 62 ló dín nìyẹn, wọ́n sì sọ fún wa pé 52 ni.” Ẹ ò rí i pé ọmọ prímárì kẹta ti fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀? Àwọn tó kọ 35 á pa á rẹ́ fúnra wọn, ojú kò sì tì wọ́n.

Ìgbà yìí gan-an lẹ máa to 52 àti 27 lórí ara wọn. Kò sí ẹni tó máa yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ̀ ń kọ sójú pátákó ni 40 àti 12 tí ọ̀kan nínú wọn ti ṣe tán, ẹ kàn ń fi hàn wọ́n bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ṣókí ni. Ọ̀nà tí ìwé ń kọ́ni kò bọ́ sọnù rárá. Ó wá nígbà tí wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ mi ń bá mi tajà, kì í ṣi ṣéńjì kà. Kí ló dé tó fi ń gba òdo ní ìṣirò?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tọmọ yín nìkan. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ 5 tó ń tajà ní ìlú Recife ní Brazil, ọjọ́ orí wọn láti 9 sí 15. Àwọn olùwádìí ṣe bí oníbàárà, wọ́n lọ rajà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń béèrè iye rẹ̀. Nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba ìpín 98 nínú 100 ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n padà gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn ní nọ́ńbà lásán, bíi ti ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n gbà kò tó 37 nínú 100. Èyí tí wọ́n sọ ní ìtàn bọ́ sáàárín, bíi 74.

Ọmọ ọdún 12 kan ń ta àgbọn ní 35 cruzeiro (owó Brazil nígbà náà) ẹyọ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ 10. Ó ní 3 jẹ́ 105, 3 sí i á jẹ́ 210, ó tún ku 4, ó di 315, ó wá parí rẹ̀ sí 350. Nígbà tí wọ́n ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe 35 × 4 nídìí ọjà, ó rò ó lórí, ó sì sọ 140. Wọ́n wá fún un ní ìwé àti bírò: 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, ó gbé 2, ó ro 2 náà pọ̀ mọ́ 3, ó di 5, ó wá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó kọ 200. Ọmọ kan náà ni o. Bírò ti gba ọpọlọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ bi ara rẹ̀ bóyá àgbọn 4 lè wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Oje, Bódìjà, Mílẹ̀ 12, Ọjà Ọba: àwọn ọmọ wa kún ibẹ̀ tí wọ́n ń ṣírò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ máa béèrè nínú kíláàsì pé, “Ká ní ọjà lo wà, báwo lo ṣe máa ṣe é?” kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sí pátákó, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó máa ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olódo.

Ṣé Yorùbá ló yẹ ká fi kọ́ ìṣirò?

Ẹnu ọmọ ni kó pinnu. Bó bá jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń ronú, tí ẹ wá ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tó rò, iṣẹ́ méjì lẹ gbé fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Á dákẹ́, ẹ ó sì rò pé kò mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ wa náà ti dán èyí wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìlànà ìjọba ń lọ ń bọ̀ láti ìgbà náà: ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Olùkọ́ ní láti tẹ̀ lé òfin. Síbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn má fi Yorùbá jiyàn lórí 52 − 27 kí wọ́n tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bu owó ìtanràn lé ọmọ lórí nítorí ó sọ Yorùbá ń na ọmọ náà nítorí pé ó ń ronú.

Òǹkà wa tún ní ohun tó lè ṣe fún olùkọ́. Ẹ padà wo 52 − 27. Ẹni tó bá pe 27 ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti ní ọ̀nà kan lẹ́nu: yọ ọgbọ̀n, ó ku 22, dá 3 padà. Ẹ wo 45, márùndínláàádọ́ta: 5 dín nínú 50, 50 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 60 tí a yọ 10 nínú rẹ̀. Ìfọ́sí-wẹ́wẹ́ nọ́ńbà yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé tuntun ń fi àwòrán àti àpótí kọ́ àwọn ọmọ lókè òkun. Ẹ ní kí wọ́n tú 35, 45 àti 65 palẹ̀ fún yín, kí wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ tò ó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, níbi tí ọmọ kò ti mọ òǹkà Yorùbá kọjá ogún, bó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó báyìí, ẹ má sọ ọ́ di ohun àkọ́sórí mìíràn fún un.

Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì mi lé ní 70. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ohun tí gbogbo wọn ń rò?

Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní 35 ló yẹ kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan máa kọ́. Gbogbo wa mọ bó ṣe rí. Ẹ̀tọ́ yín ni láti máa béèrè fún olùkọ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kó sú yín.

Ní báyìí ná, ẹ má gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo wọn. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí olúkúlùkù kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ fún, ìṣẹ́jú 2 péré. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ọmọ 70 ti sọ̀rọ̀ ìṣirò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí àyè láti ṣí bẹ́ǹṣì kiri, ẹ má ṣí i. Ẹ yan ìlà bẹ́ǹṣì méjì lónìí tí ẹ máa ka iṣẹ́ wọn dáadáa, kí ẹ mú méjì mìíràn lọ́la. Bí síléètì bá wà, kí gbogbo wọn gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ ó rí 35 àti 25 níwájú yín kí ẹ tó là ẹnu. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kó dé pátákó, kì í ṣe 20.

Mo béèrè ìbéèrè, wọ́n dákẹ́ lọ gbári.

A kì í dúró dè wọ́n. Mary Budd Rowe ní Amẹ́ríkà gba ohùn àwọn olùkọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1974: lẹ́yìn ìbéèrè, olùkọ́ kì í sábà dúró ju bíi ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn gùn sí i, àwọn ọmọ tí kì í là ẹnu tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ẹ ka 1 títí dé 5 nínú ọkàn yín. Á dà bí ọdún kan níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Bí ìdáhùn tí kò tọ̀nà bá ń gba pàṣán tàbí “ẹ bá mi hó lé e lórí”, ọmọ tó gbọ́n á pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀nà tí ẹ fi lè na ọmọ nítorí àṣìṣe kí ẹ sì tún gbọ́ ohun tó ń rò. Ẹ mú ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé náà ńkọ́? A kọ́ ọmọ wa pé kì í bá àgbà jiyàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má ní kó bá yín jiyàn. Iṣẹ́ tó wà lójú pátákó ni kó bá jiyàn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbà pé 35 ni, torí pé…” Kò sí àfojúdi nínú ìyẹn. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbàgbé ni pé kí a béèrè “báwo lo ṣe mọ̀?” lọ́wọ́ ẹni tó gbà á náà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá ṣì í nìkan lẹ̀ ń béèrè, kíákíá ni gbogbo kíláàsì á mọ̀ pé “báwo lo ṣe mọ̀” túmọ̀ sí “o ti kùnà”.

Àkọ́sórí ńkọ́? Ṣé kí wọ́n má kọ́ táìmù tébù mọ́ ni?

Kí wọ́n kọ́ ọ. Ọmọ tó ń fi ìka ka 7 × 8 nígbà tó yẹ kó máa ronú nípa ìdá á rẹ̀ kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn èyí tó mọ̀ bí àwọn tí kò mọ̀: bó bá ti mọ 7 × 7 pé 49 ni, 7 lé e lórí ni 7 × 8, ó di 56. Bó bá mọ 4 × 8, kó ṣe é ní ìlọ́po méjì, ó ti rí 8 × 8. Orin tébù dùn, ẹ máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó bá gbàgbé ìlà kan lè mọ bó ṣe máa wá a rí láìbẹ̀rẹ̀ orin náà látorí 1.

Ìdá ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Ìdajì pẹ̀lú ìdá mẹ́ta, wọ́n á kọ 2/5.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí ọmọ tó kọ 1/2 + 1/3 = 2/5 ní ìdí lọ́wọ́. Bó bá gba 1 nínú 2 nínú ìdánwò kan, tó gba 1 nínú 3 nínú òmíràn, lóòótọ́ ni pé ó gba 2 nínú 5 lápapọ̀. Ìṣirò yẹn tọ̀nà fún máàkì. Ìbéèrè tí a bi í ló yàtọ̀: odindi kan náà ni a ń gé ìdajì àti ìdá mẹ́ta lára rẹ̀, kì í ṣe odindi méjì. Bí ẹ bá kàn fi pupa fagi lé e, kò ní mọ ibi tí òtítọ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹ fún wọn ní abala ìwé kan. Kí wọ́n ká a sí ìdajì, kí wọ́n kun ìdajì kan. Ẹ wá béèrè kí wọ́n tó ṣe nǹkan mìíràn: “Bí a bá fi nǹkan kún ìdajì yìí, ṣé ó máa ju ìdajì lọ àbí kò ní tó o?” Gbogbo wọn á ní yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. “2/5 ńkọ́, ṣé ó ju ìdajì lọ?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a jà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ká abala mìíràn sí ọ̀nà 6, kí wọ́n wo ìdajì rẹ̀, 3 ni. Kí wọ́n wo ìdá mẹ́ta rẹ̀, 2 ni. Ìpín 5 nínú 6. Ẹlòmíràn á béèrè ìdí tó fi jẹ́ 6, kì í ṣe 5 tàbí 8. Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀la, ẹ kọ ọ́ sí igun pátákó kí ẹ má pa á rẹ́.

Kò sí ohun èlò nílé-ẹ̀kọ́ wa.

Ìdérí ìgò mínírà, òkúta, igi ìgbálẹ̀ tí a fi rọ́bà dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kóńgò òfìfo. Ọpọ́n ayò kan pàápàá jẹ́ odindi ẹ̀kọ́: ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí wọ́n tún un pín sí ihò 6, sí 8, kí wọ́n wá gbìyànjú 5. Mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ló kàn wọ́n, 3 ṣẹ́ kù. Kí la fẹ́ fi 3 yẹn ṣe? Ohun èlò kì í kọ́ni fúnra rẹ̀ o, ìbéèrè tí ẹ bá fi tẹ̀ lé e ló ń kọ́ni.

Sílábọ́ọ̀sì ò ní parí, ìdánwò sì ń bọ̀.

Mi ò ní tàn yín: ó máa ń falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ipò nọ́ńbà (bí 5 inú 52 ṣe jẹ́ 50) tí ẹ̀ ń fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ ẹ wo iye ìgbà tí ìdá ń padà wá nínú ètò ẹ̀kọ́, láti kíláàsì ìsàlẹ̀ ní prímárì títí wọ girama kékeré. Ọdọọdún là ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nítorí tọdún tó kọjá kò dúró. Ibẹ̀ ni àkókò ti ń ṣòfò.

Ẹ má ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ báyìí. Ẹ mú àwọn èyí tó jẹ́ gbòǹgbò: ipò nọ́ńbà, ìtumọ̀ ìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín), àmì ìdọ́gba, ìdá, ìṣirò ìfiwéra (ratio). Ní ti WAEC, àwọn olùdánwò àgbà wọn ti kọ ọ́ léraléra nínú ìròyìn wọn pé ìbéèrè tó wá ní ọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ kò lè sọ di ìṣirò. Kò sí àkọ́sórí tó lè wo ìyẹn sàn.

Ọmọbìnrin mi ní òun kò ní orí ìṣirò.

Ẹ bi í pé ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ. Wọn kò bí i mọ́ ọn. Grace Alele-Williams, ọmọ Warri, gba oyè dókítà ní Yunifásítì Chicago ní 1963, lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè náà, òun sì ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì nílẹ̀ wa, ní Benin, ní 1985.

Wọn kò kọ́ èmi fúnra mi báyìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe?

Ẹ má dá a ṣe. Ní Japan, ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti ń jọ ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní jugyō kenkyū. Wọ́n á jọ gbèrò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á fojú inú wo gbogbo ohun tí àwọn ọmọ lè sọ, ọ̀kan nínú wọn á wá kọ́ ọ, àwọn yòókù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wo àwọn ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á jókòó sọ ohun tí wọ́n rí. Ní 1995, wọ́n ya fídíò kíláàsì ìṣirò ní Japan, Jámánì àti Amẹ́ríkà láti fi wọ́n wéra. Láti ìgbà tí àbájáde rẹ̀ ti jáde ni àwọn ilẹ̀ mìíràn ti ń kọ́ àṣà yìí lọ́wọ́ wọn.

Olùkọ́ mẹ́ta nílé-ẹ̀kọ́ kan ti tó. Ẹ̀kọ́ kan ní táàmù kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wò kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan nípa olùkọ́. Ohun tí ọmọ sọ àti ohun tó kọ ni kó kọ sílẹ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ìbẹ̀wò àwọn alábẹ̀wò tó ń wá wo ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kó mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni òbí lè ṣe nílé?

Ẹ má gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá há a, ẹ ní kó ka ìbéèrè náà sókè, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ó máa ń yanjú níbẹ̀ nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ bá rán an níṣẹ́ lọ rajà, ẹ jẹ́ kó sọ iye ṣéńjì tó yẹ kó mú bọ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹ sì má sọ níwájú rẹ̀ pé ẹ̀yin náà kò mọ ìṣirò rí.

Ọjọ́ kan á wà tó máa sọ pé, “Mọ́mì, Anti wa ò ṣe é báyìí.” Ẹ ní kó fi ti Anti hàn yín, kí ẹ fi tiyín hàn án, kí ẹ jọ wò ó bóyá ibì kan náà ni wọ́n já sí. Bí wọn kò bá já síbì kan náà, kó kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, kó gbé e fún Anti láàárọ̀.